Báwo Ni Wọ́n Ṣe Kọ́ Ẹ̀rọ Láti Máa Fa Ohùn? Ìtàn Orin Inú Fíìmù Íńdíà

Tí ẹ bá ti wo fíìmù Íńdíà rí, bóyá lórí Zee World nílé tàbí lórí fóònù yín, ẹ máa mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Akọrin á mú ohùn kan, kò sì ní jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́. Á fà á lọ sókè, á dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, á mì í, á tún yí i ká kó tó jẹ́ kó balẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ọ lè má gbọ́ Hindi tàbí Tamil rárá, síbẹ̀ orí rẹ̀ á ṣáà wú.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nípa ẹ̀ ni pé, láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, púpọ̀ nínú ohun tó ń dún lábẹ́ ohùn yẹn ló jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń gbé e jáde: kíbọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ ìlù, kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kì í ṣe irú orin bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí ní lọ́kàn. Orin tó ń gun àtẹ̀gùn ni wọ́n ṣe é fún. Orin Íńdíà kì í gun àtẹ̀gùn, ńṣe ló máa ń yọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Báwo wá ni wọ́n ṣe rí ẹ̀rọ náà tẹ̀? Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nìyẹn, ó sì kan gbogbo ẹni tó bá ń ṣe bíìtì nílé, kódà tí ò bá wo fíìmù Íńdíà rí.

Àtẹ̀gùn àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látìdí. Ohùn kò ju afẹ́fẹ́ tó ń gbọ̀n lọ. Tó bá ń gbọ̀n kíákíá, ohùn á ròkè. Tó bá ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Lórí kíbọ́ọ̀dù, nóòtì kan wà tí wọ́n ń pè ní A. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ á gbọ̀n ní ìgbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ tẹ èyí tó tẹ̀ lé e, bọ́tìnnì dúdú yẹn, ó ti di nǹkan bí ìgbà 466. Kí ló wá wà láàárín 440 àti 466? Lórí kíbọ́ọ̀dù, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ṣètò ẹ̀ ni pé tí ẹ bá sọ iye bọ́tìnnì kan di ìlọ́po 1.0595, ẹ ti rí iye èyí tó tẹ̀ lé e nìyẹn. Ẹ ṣe é ní ìgbà 12, ó máa di ìlọ́po méjì gẹ́lẹ́, ìyẹn 880, A mìíràn tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àtẹ̀gùn ni: ìgbésẹ̀ 12, gbogbo wọn dọ́gba, ẹ ò sì lè dúró sáàárín méjì. Kí àwọn onímọ̀ orin lè rí nǹkan fi wọn ohun tó wà láàárín, wọ́n pín ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 100, wọ́n sì ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sẹ́ńtì.

Orin Íńdíà, àárín yẹn ló ń gbé. Ní gúúsù ilẹ̀ wọn, gamaka ni wọ́n ń pe mímì àti fífà ohùn yìí. Ní àríwá, tí ohùn bá fà láti nóòtì kan dé òmíràn láìjá, meend ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí wọ́n kàn lẹ̀ mọ́ orin lára o. Raga, tó jẹ́ ìpìlẹ̀ orin wọn, kì í ṣe àkójọ nóòtì lásán. Nóòtì márùn-ún kan náà ni raga Bhupali àti raga Deshkar ní, síbẹ̀ ẹni tó mọ̀ wọ́n kò ní pe ọ̀kan ní èkejì. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni nóòtì tí ẹ fara tì jù, ibi tí ẹ gbà wọlé, àti bí ẹ ṣe fà á. Tí ẹ bá fi àtẹ̀gùn kọ raga, nóòtì rẹ̀ lè pé pérépéré kí raga fúnra ẹ̀ má sí níbẹ̀.

Àwa Yorùbá gan-an ló yẹ kí èyí tètè yé. Ẹ sọ "ìlù" sókè, kí ẹ tún sọ "ìlú". Nínú "ìlù", ohùn yín wà nísàlẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nínú "ìlú", fáwẹ́lì ìkẹyìn kì í kàn fò sókè, ńṣe ló ń gòkè bọ̀ látìsàlẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí onídùndún fi máa ń fún ọsán ìlù rẹ̀ mọ́ra bó ṣe ń fi kọ̀ǹgọ́ lù ú: awọ á le sí i, ohùn á gòkè bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìlù tabla ti Íńdíà náà ní ọgbọ́n tó jọ ọ́. Èyí tó tóbi nínú méjèèjì ń jẹ́ bayan. Ẹni tó ń lù ú máa ń fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ tẹ awọ náà mọ́lẹ̀, ohùn á sì fà.

Wàyí o, ẹ gbé kíbọ́ọ̀dù sílẹ̀ níwájú ẹni tí irú orin báyìí ti mọ́ lára. Kí ló máa fi ṣe?

Ejò ọdún 1954

Ọ̀kan nínú ìdáhùn tó tètè dé wà nínú fíìmù Nagin, tó jáde ní 1954. Abo ejò ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí. Hemant Kumar ló ṣètò orin inú ẹ̀, Lata Mangeshkar ló sì fi ohùn gbé èyí tó lókìkí jù níbẹ̀, Man Dole Mera Tan Dole. Ìtàn fíìmù náà ń fẹ́ ohùn been, ìyẹn fèrè àwọn tó ń mú kí ejò jó: akèrègbè kan tí wọ́n ki ọ̀pá fèrè méjì bọ̀ nísàlẹ̀. Ohùn rẹ̀ máa ń han gooro, kì í sì í dánu dúró.

Ohùn been tí àwọn èèyàn gbọ́ nínú fíìmù yẹn, been kọ́ o. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń bá Hemant Kumar ṣiṣẹ́, Kalyanji Virji Shah, ló fi ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Clavioline gbé e jáde. Constant Martin, ará Faransé, ló ṣe ẹ̀rọ yìí ní 1947. Kò tóbi, gílóòbù bíi ti rédíò àtijọ́ ló wà nínú ẹ̀. Iná mànàmáná ń lọ ó ń bọ̀ nínú àwọn gílóòbù náà. Bó bá ṣe ń lọ tó ń bọ̀ sí ni lápátà á ṣe máa ti afẹ́fẹ́ síwá sẹ́yìn, ohùn dé nìyẹn.

Kí ló dé tó fi rọ̀ mọ́ iṣẹ́ yìí ju dùùrù lọ? Ohun méjì ni. Àkọ́kọ́, tí ẹ bá tẹ dùùrù onígi, òòlù kékeré kan á lu wáyà, ohùn á jáde, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójú ẹsẹ̀. Ohùn tó ti ń kú, kí lẹ fẹ́ fà nínú ẹ̀? Clavioline kì í kú níwọ̀n ìgbà tí ìka yín bá wà lórí ẹ̀. Kódà ọ̀pá kan wà níbi orúnkún tí ẹ lè fi mú ohùn pọ̀ tàbí kó dínkù bíi mímí. Ìkejì, nóòtì kan péré ló lè dún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lè rò pé àbùkù ni. Àmọ́ tí ìka bá ń sáré lórí ẹ̀rọ olóhùn kan, nóòtì tuntun á máa gba àyè lọ́wọ́ ti tẹ́lẹ̀ láìsí àlàfo, etí wa á sì so wọ́n pọ̀ bí ìlà kan ṣoṣo. Àtẹ̀gùn ṣì ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sáré gun àtẹ̀gùn dáadáa, èèyàn lè má rí ibi tó fẹsẹ̀ tẹ̀.

Títí dòní, tí ẹnì kan ní Íńdíà bá fẹ́ fi ẹnu ṣe ohùn ejò, orin yẹn ló sábà máa ń gbé. Ẹ̀rọ ará Faransé ló di ohùn ejò Íńdíà. Kalyanji àti àbúrò rẹ̀ Anandji sì di àgbà nínú iṣẹ́ orin fíìmù lẹ́yìn náà.

Ọ̀gbẹ́ni Singh àti àpótí mẹ́ta

Ẹ jẹ́ ká fò dé ìgbà dísíkò. Ní 1980, fíìmù Qurbani jáde. Kalyanji àti Anandji ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú orin ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó gba ìgboro, Aap Jaisa Koi, Biddu ló ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Nazia Hassan ló sì kọ ọ́. Lẹ́yìn ọdún méjì, Bappi Lahiri ṣe orin Disco Dancer. Gbogbo ìlú gbóná. Ẹni tó bá ń ṣe orin fíìmù ní Bombay nígbà yẹn tí kò bá ní ẹ̀rọ tó ń dún bíi ti dísíkò, ó ti pẹ́ lẹ́yìn.

Charanjit Singh wà lára àwọn tó ń fi gìtá àti kíbọ́ọ̀dù ṣiṣẹ́ ní sítúdíò àwọn onífíìmù. Àwọn tí orúkọ wọn kì í sí lára páálí fíìmù ni. Ní 1982, ó fi àpótí mẹ́ta láti ilé iṣẹ́ Roland ti Japan ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù tara ẹ̀: Jupiter-8 fún orin òkè, TR-808 fún ìlù, TB-303 fún ohùn ìsàlẹ̀. Ó pe rẹ́kọ́ọ̀dù náà ní Synthesizing: Ten Ragas to a Disco Beat. Raga mẹ́wàá, gbogbo wọn lórí ìlù dísíkò.

Àpótí TB-303 yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa. Wọ́n ṣe é kí olùgìtá tó dá wà nílé lè rí ẹni bá a ta gìtá oníbáàsì. Kò dún bíi báàsì gidi, nítorí náà àwọn èèyàn kò rà á, wọ́n sì dáwọ́ ṣíṣe é dúró ní 1984. Ṣùgbọ́n ó ní bọ́tìnnì kan tí wọ́n kọ slide sí. Tí ẹ bá fi sí nóòtì kan, ohùn kò ní fò lọ sí nóòtì tó kàn, yíyọ̀ ló máa yọ̀ lọ síbẹ̀.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Nínú irú ẹ̀rọ yìí, agbára iná ló ń sọ bí ohùn ṣe máa ga tó. Tí agbára bá fi fóltì kan lé sí i, ohùn á gun odindi àtẹ̀gùn 12. Ìgbésẹ̀ kan á wá jẹ́ nǹkan bí 0.083 fóltì. Tí agbára bá yí lójijì, ohùn á fò lójijì. Àwọn tó ṣe é wá fi nǹkan méjì sójú ọ̀nà: kapásítọ̀, tó ń tọ́jú iná, àti nǹkan tó ń fún ọ̀nà iná mọ́. Ẹ fojú inú wo korobá kan tí omi ń gba ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀ láti inú táǹkì. Ẹ bá gbé omi táǹkì ga lójijì, omi korobá kò lè ga lójijì. Á máa gòkè, á kọ́kọ́ yára nítorí pé ìyàtọ̀ pọ̀, á sì máa rọra bó ṣe ń súnmọ́ ibi tó ń lọ. Bí ohùn ṣe ń lọ nínú slide náà nìyẹn: ó ń yára níbẹ̀rẹ̀, ó ń rọra níparí. Jupiter-8 náà ní irú ọgbọ́n yìí, ẹ tún lè fọwọ́ darí ẹ̀.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti dé inú ẹ̀rọ nìyẹn. Kò tíì tó ohun tí akọrin lè ṣe, torí bákan náà ló ń fà ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n ó ti kúrò ní àtẹ̀gùn.

Rẹ́kọ́ọ̀dù Singh kò tà. Ní 1987, àwọn ọmọ Chicago kan tó ń jẹ́ Phuture lo TB-303 àlòkù, wọ́n yí àwọn kókó ara ẹ̀ síwá sẹ́yìn, wọ́n gbé Acid Tracks jáde, irú orin tuntun kan sì bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní acid house. Nígbà tí wọ́n tún rẹ́kọ́ọ̀dù Singh tẹ̀ ní 2010, àwọn kan gbọ́ ọ, wọ́n ní ẹ̀tàn ni, pé kò lè ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti ṣe irú ẹ̀ ní Bombay ní ọdún márùn-ún ṣáájú Chicago. Ó ṣeé ṣe o. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ Chicago jí i, wọn ò mọ̀ ọ́n rí. Ohun tó fà á ni pé ẹ̀rọ kan náà dé ọwọ́ àwọn tó ń wá ohùn tó ń yọ̀. Singh lọ ṣeré fún àwọn ọ̀dọ́ ní Europe kó tó kú ní 2015.

Kọ̀ǹpútà wọlé

Ní 1983, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ orin fẹnu kò sórí èdè kan tí gbogbo ẹ̀rọ wọn á máa fi bára wọn sọ̀rọ̀. MIDI lorúkọ ẹ̀. Dave Smith ní Amẹ́ríkà àti Ikutaro Kakehashi, tó dá Roland sílẹ̀, ló ṣagbátẹrù ẹ̀. MIDI kì í gbé ohùn. Ìròyìn ló ń gbé: "wọ́n ti tẹ nóòtì 60, wọ́n tẹ̀ ẹ́ tó báyìí, wọ́n ti fi sílẹ̀." Nóòtì tó mọ̀ kò ju 128 lọ, láti 0 dé 127. Àtẹ̀gùn tún dé nìyẹn o, lẹ́ẹ̀kan sí i, inú òfin gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí lọ́tẹ̀ yìí.

Àmọ́ wọ́n fi ìròyìn kan kún un fún títẹ ohùn: táyà kékeré tó wà lápá òsì kíbọ́ọ̀dù ló ń fi ránṣẹ́. Tí wọ́n bá fún un ní ipò 128 bíi ti àwọn yòókù, kò ní dáa. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Táyà yẹn sábà máa ń lọ sókè ní ìgbésẹ̀ méjì, sísàlẹ̀ ní ìgbésẹ̀ méjì, mẹ́rin ni gbogbo ẹ̀, ìyẹn 400 sẹ́ńtì. Ẹ pín in sí 128, ìkọ̀ọ̀kan á jẹ́ sẹ́ńtì mẹ́ta ó lé. Etí tó mọ́ lè gbọ́ ọ bó ṣe ń fò wẹ́kúwẹ́kú. Torí náà wọ́n fún un ní ipò 16,384. Ẹ pín 400 sí i, ó máa jẹ́ nǹkan bí 0.024 sẹ́ńtì. Kò sétí tó lè gbọ́ ìyẹn. Tí àtẹ̀gùn bá ti kéré tó bẹ́ẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló dà.

Ní Madras, tí wọ́n ń pè ní Chennai báyìí, àgbà ọ̀jẹ̀ tó wà nídìí orin fíìmù Tamil ni Ilaiyaraaja, ẹni tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ kọ nóòtì fún odindi ẹgbẹ́ olórin. Orin Punnagai Mannan tó ṣe ní 1986 wà lára àwọn orin fíìmù Íńdíà tó kọ́kọ́ lo kọ̀ǹpútà. Ọmọ kan tó ń jẹ́ Dileep wà lára àwọn tó ń bá a ta kíbọ́ọ̀dù láyé ìgbà yẹn. Bàbá Dileep, R. K. Shekhar, olórin fíìmù ni, ó sì kú nígbà tí ọmọ náà wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ohun èèlò orin tí bàbá fi sílẹ̀ ni wọ́n ń fi háyà kí wọ́n lè rówó jẹun nílé. Dileep yìí náà ló wá di A. R. Rahman.

Ní 1989, Rahman bẹ̀rẹ̀ sítúdíò kan sẹ́yìnkùlé wọn, ó pè é ní Panchathan Record Inn. Orin ìpolówó ọjà ló ń ṣe níbẹ̀. Olùdarí fíìmù Mani Ratnam wá gbé Roja fún un, fíìmù náà jáde ní 1992, nígbà tí Rahman wà lọ́mọ ọdún 25. Orin náà gba àmì ẹ̀yẹ ìjọba àpapọ̀ Íńdíà.

Kí ló yàtọ̀? Tẹ́lẹ̀, gbogbo olórin ló máa ń péjọ sínú gbọ̀ngàn kan. Ẹni tó bá ṣì í, gbogbo wọn ló máa tún un ṣe. Rahman kò ṣe é bẹ́ẹ̀. Á pe akọrin kan wá, lóru lọ́pọ̀ ìgbà, á ní kó kọ ọ́ báyìí, kó tún kọ ọ́ bó ṣe wù ú, á sì gba gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà lá jókòó síwájú ẹ̀rọ, á gé, á lẹ̀ ẹ́, á fi báàsì tuntun sábẹ́ ẹ̀. Ṣé ẹ rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀? Kò fipá mú ẹ̀rọ láti ṣe gbogbo gamaka. Ẹ̀rọ di ìlù àti ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ mú, ó sì fi fífà ohùn sílẹ̀ fún ènìyàn: akọrin, afunfèrè, ẹni tó ń ta sitar. Àtẹ̀gùn nísàlẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lókè. Títí di Slumdog Millionaire, tó fi gba Oscar méjì ní 2009, ẹ máa gbọ́ ọgbọ́n yìí.

Àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn

Mi ò fẹ́ sọ ọ́ bíi pé gbogbo ẹ̀ dùn. Kí ẹ̀rọ tó gbòde, orin fíìmù kan lè gba ọ̀pọ̀ olórin, ogójì, ọgọ́ta, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Bombay, púpọ̀ nínú àwọn tó ń ta gòjé òyìnbó àti àwọn tó ń fun fèrè onípàǹpẹ́ jẹ́ ará Goa, níbi tí wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka nóòtì nílé ìwé ìjọ nígbà tí Portugal ń ṣàkóso wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Anthony Gonsalves, kọ́ àwọn olórin fíìmù ńláńlá ní gòjé. Orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fún ẹ̀dá ìtàn inú fíìmù Amar Akbar Anthony ní 1977. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, iṣẹ́ yẹn gbẹ. Ohun tí ogójì èèyàn ń ṣe, kíbọ́ọ̀dù kan àti ẹni kan ń ṣe é lóru.

Ohun tó tún sọnù pẹ̀lú wọn kì í ṣe owó nìkan. Ẹ wo tabla. C. V. Raman, onímọ̀ físíìsì ará Íńdíà tó gba Nobel ní 1930, ṣe ìwádìí lórí ìlù wọn, ó sì ṣàlàyé pé nǹkan dúdú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín awọ ló ń jẹ́ kí ohùn ìlù náà bára mu bíi ti wáyà, dípò kó kàn máa pariwo. Nígbà tí wọ́n bá gba ohùn bayan kan ṣoṣo sínú ẹ̀rọ, wọ́n ti gba bó ṣe fà lọ́jọ́ yẹn pa mọ́. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nígbà ọgọ́rùn-ún, bákan náà lá máa fà nígbà ọgọ́rùn-ún. Tí ẹ bá sì gbé e ga lọ́nà àtijọ́, ẹ̀rọ á kàn sá a kíákíá ni: tó bá ga ní ìgbésẹ̀ 12, ìdajì àkókò ló máa fi parí, fífà náà á di ìdajì. Onílù gidi kì í fà á bákan náà lẹ́ẹ̀mejì, ohun tó ń sọ lọ́wọ́ ló ń pinnu ẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ti wá mọ̀ ọ́n fà

Ní 2009 kan náà, fíìmù Delhi-6 jáde. Níbi tí orin Rehna Tu ti ń parí, ohùn kan ń fà tí kò jọ ti fèrè, kò jọ ti gòjé. Rahman ló ń fi ìka rẹ̀ rìn lórí Continuum, ẹ̀rọ tí Lippold Haken, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ṣe. Kò ní bọ́tìnnì rárá. Ojú pẹrẹsẹ kan ni, bí aṣọ tó nà gbọọrọ. Ibi tí ìka bá wà ni ohùn máa wà. Ẹ fa ìka, ohùn á fà. Ẹ mì ín, á mì. Láti 1954 tí wọ́n ti ń fi ìka sáré kí àtẹ̀gùn lè jọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, èyí ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fúnra ẹ̀.

Ìṣòro kan ṣẹ́kù nínú MIDI: tí ẹ bá tẹ nóòtì mẹ́ta pọ̀ tí ẹ yí táyà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa fà. Ẹ ò lè fa ọ̀kan kí méjì tó kù dúró. Ní 2018, wọ́n fọwọ́ sí ọ̀nà tuntun kan tí wọ́n ń pè ní MPE. Ó fún nóòtì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀, nítorí náà ìka kọ̀ọ̀kan lè fa ohùn tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà kan ṣe ń ṣí, òmíràn ń tì. Ní 1997, Andy Hildebrand, tó ti fi ìṣírò ìgbì ohùn wá epo rọ̀bì lábẹ́ ilẹ̀ rí, gbé Auto-Tune jáde. Ẹ̀rọ yìí ń gbọ́ ohùn akọrin, ó ń wo nóòtì tó súnmọ́ ọn jù, ó sì ń fà á lọ síbẹ̀. Tí ẹ bá fi í sí èyí tó yára jù, gamaka tí akọrin fi ogún ọdún kọ́ á di àtẹ̀gùn lójú ẹsẹ̀, torí pé lójú ẹ̀rọ, gbogbo ohun tó bá wà láàárín nóòtì méjì, àṣìṣe ni. Àwọn tó mọṣẹ́ á jẹ́ kó rọra ṣe é, tàbí kí wọ́n fọwọ́ tún ibi tó yẹ nìkan ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí dọ́dọ̀ tiwa náà. Èmi náà máa ń ṣe bíìtì lórí láptọ́ọ̀pù, bí ẹ bá sì ṣí áàpù tuntun, bó ṣe máa ń bá yín nìyẹn: àtẹ̀gùn 12, táyà tó ń lọ ní ìgbésẹ̀ méjì. Kò sẹ́ni tó bi yín bóyá èdè yín ń gòkè látìsàlẹ̀. Àmọ́ ẹ lè yí i padà, kò sì gba owó. Ẹ ṣe ìdánwò yìí: ẹ wá ohùn dùndún kan tó dún ṣókí tí kò fà. Ẹ fi nóòtì méjì ṣe "ìlú", kí èkejì ga ju àkọ́kọ́ lọ. Ẹ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìwọ̀n táyà láti ìgbésẹ̀ méjì sí márùn-ún tàbí méje, ẹ jẹ́ kí nóòtì kejì bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀ kó yára gòkè, kó wá rọra bó bá ń dé òkè, bí omi inú korobá yẹn. Tí FL Studio lẹ ń lò, nóòtì onísíláìdì wà níbẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Òun ni àwọn ọmọ drill fi ń fa 808 wọn.

Ẹ pe ẹnì kan nínú ilé yín tó gbọ́ ìlù, ẹ má sọ fún un ohun tí ẹ kọ. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ méjèèjì, kí ẹ bi í pé èwo ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ kọ ìdáhùn tó fún yín sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á.